Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Lójú Ẹ̀rọ

Dúró-ná ni wọ́n ń pe obìnrin kan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò, nítorí kò sí dókítà tó lè lé e léré. Bó bá fẹ́ mọ bí fítámì C, èròjà inú ọsàn àti ewébẹ̀, ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, yóò kọ́kọ́ fi ìyẹ̀fun kíkúnná ha ẹnu ọ̀pá tín-ín-rín tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, títí yóò fi máa dán, kó tó tì í bọ inú omi ẹ̀jẹ̀. Yóò wá máa fi iná ránṣẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí fítámì bá wà níbẹ̀, ìlà ojú ẹ̀rọ yóò ga bí òkè. Bí kò bá sí, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá fi ìkánjú ha ọ̀pá náà, irọ́ ni yóò bá pàdé.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀jẹ̀ bàbá tó bí i lọ́mọ ló wà níwájú rẹ̀. Erìgì bàbá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúdú káàkiri bíi ti ẹni tí wọ́n lù. Dókítà ti là á mọ́lẹ̀: bí fítámì bá lọ sílẹ̀, oúnjẹ àti oògùn yóò yanjú ẹ̀, bí kò bá lọ sílẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, wọn óò lu eegun ìbàdí bàbá láti wo mùdùnmúdùn rẹ̀. Arúgbó tí ìjókòó lásán ń ro ní ìbàdí!

Ó gbàdúrà kí ìlà tẹ́. Ìlà ga. Ó tún ọ̀pá ha, ó tún ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ga bákan náà. Ó fi omi lásán dán an wò, ìlà tẹ́. Ẹ̀rọ ò purọ́. Ó wá àga jókòó.

Nígbà tó dé yàrá bàbá nírọ̀lẹ́, ó rọra ṣàlàyé ọ̀rọ̀ eegun fún un. Bàbá ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa páálí oògùn fítámì jáde. Ó kù díẹ̀ kó tán.

"Àtìjẹta ni mo ti ń lò ó," ni bàbá wí. "Ibi iṣẹ́ rẹ ni wọ́n ti máa yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wò ó tán, kí wọ́n wá máa sọ pé ọmọ mi jẹ́ kí ebi pa mí."

Inú ọmọ kọ́kọ́ dùn: oògùn ló gbé ìlà ga, wọ́n lè má lu eegun bàbá mọ́. Kò tíì mí kanlẹ̀ tó fi béèrè ohun tí bàbá ń jẹ látìgbà tí ìyá ti kú. Tíì àti búrẹ́dì ni, láàárọ̀, lálẹ́. Ìgbàkígbà tó bá yà kí i, á ní ṣé bàbá ti jẹun, bàbá á ní òun ti yó. Ó sì gbà á gbọ́, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti gbà gbọ́.

Bàbá tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé wọ́n rí i pé fítámì mi pọ̀?"

"Wọ́n rí i, bàbá mi," ló wí, kò sì lè gbójú sókè.