Igi Kòkó Tí Bàbá Mi Kì í Fín

Oríṣi òògùn kòkòrò méjì ni bàbá mi máa ń fín sí oko kòkó wọn lẹ́yìn Ifẹ̀. Ọ̀kan ń pa kòkòrò tó bá kàn lára. Ìkejì, igi ló ń mu ún. Kòkòrò tó bá fa omi ara igi náà á kú.

Nígbà tá a wà ní kékeré, tá a bá ní a fẹ́ lá kòkó tó pọ́n, wọn á ní, "Òjò lè fọ ti ara ewé. Ta ló máa fọ èyí tígi ti mu?" Nígbà tí ẹkún wa sú wọn, wọ́n ya igi kan sọ́tọ̀ fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Àwa àti kòkòrò la jọ ń jẹ ẹ́.

Mo ti ń hu ewú báyìí. Lọ́dún yìí, mo tẹ̀lé wọn lọ. Wọ́n fín gbogbo oko, wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ahéré, wọ́n pa páǹpù, wọ́n sì kọjá.