Ihò Ara Táǹkì

Àtọ́kẹ́ kì í ra gàrí kó má fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ àpò. Bí Mutmainnah ọmọ rẹ̀ bá fi ẹ̀rín kí i láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ bi í pé kí ló fọ́. Wọ́n ti ń bá a wí lórí ìfura yìí ní Pópó Yemọja láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, èsì kan náà ló sì máa ń fún wọn: "Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn." Ta ló fẹ́ bá òwe jà?

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹ̀rọ agégi kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀. Misbaudeen, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló ń gbé e lọ sóko igi, òun àti Àtọ́kẹ́ sì jọ ń jẹ nídìí rẹ̀. Kò ní iṣẹ́ mìíràn tó fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù kan, bó bá ti dé, ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ ń kú mọ́ òun lọ́wọ́. Á ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kú. Àtọ́kẹ́ ò gbà á gbọ́. Ó dá a lójú pé Misbau ń gé igi ara rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó wá ń fi ẹ̀rọ kẹ́wọ́.

Àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́? Àbúrò ọkọ, ọkọ ni. Misbau ti dáyé kí Àtọ́kẹ́ tó wọlé, ìyàwó kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. "Akọ̀wé" ló ń pè é. Ìyàwó ilé kankan kì í la ojú sílẹ̀ pe ọkọ ní olè. Ó wá pinnu pé ẹnu Sàídì, mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe, ni ọ̀rọ̀ yóò ti jáde. Bí Sàídì bá lè sọ pé Misbau ló ba ẹ̀rọ jẹ́, òun yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, òun yóò gbé e fún ẹlòmíràn, àwọn àgbà ilé ò sì ní rí òun bá wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn méjèèjì gbé ẹ̀rọ lọ bá Sàídì ní Bẹẹrẹ. Àtọ́kẹ́ gbé àpótí, ó jókòó ti orúnkún mẹkáníìkì.

"Ìyá Mutmainnah, ẹ sún díẹ̀ kí n ríran."

"Ẹ máa ṣe é, mò ń wò ó ni."

Sàídì tú púlọ́ọ̀gì, àwọ̀ rẹ̀ dára, ó sì ń ta iná. Ó gbọn ìdọ̀tí kúrò lára fílítà. Ó da epo díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ra á. "Ọ́ìlì inú ẹ̀ pé. Ẹni tó po epo yìí mọṣẹ́."

Inú Àtọ́kẹ́ ò dùn sí i. Ó wo Sàídì, ó wo Misbau, ó bẹ̀rẹ̀ sí rò ó pé bóyá wọ́n ti jọ sọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ tún un wò," ó ní. "Ẹ̀rọ kì í ṣàdédé kú. Ẹnìkan ló ń pa á."

Sàídì fa okùn, ẹ̀rọ bú. Ó pẹ́ díẹ̀, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí há, ó kú. Mẹkáníìkì tú ìdérí táǹkì, afẹ́fẹ́ wọlé fìì. Ó dé e padà, ó fa okùn, ẹ̀rọ tún bú bí ẹni pé kò kú rí.

"Kò rí èémí mí ni," Sàídì ní. Ó dojú ẹ̀rọ dé. "Ẹ wo ihò kékeré yìí lára táǹkì. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló fi síbẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé bí epo bá ṣe ń lọ. Ẹnìkan ti dí i pa." Ó fi abẹ́rẹ́ tú u. Ọṣẹ ìfọṣọ ló jáde. "Ta ló ṣe irú èyí?"

Àtọ́kẹ́ dá ọṣẹ náà mọ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó rí i pé epo ń tètè tán. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tó ti gbó a máa mu epo. Ó yẹ ẹ̀rọ wò, ó rí ihò, ó ní Misbau ló lu ú kó lè máa gba ibẹ̀ fa epo tà. Bí àwọn awakọ̀ ti ń fi ọṣẹ dí táǹkì tó ń jò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dí i, kò sọ fẹ́nì kan.

"Èmi ni," Misbau ní. "Mo rò pé ó ń jò ni."

Sàídì bẹ̀rẹ̀ sí bú u: èèyàn tó ti lo ogún ọdún nídìí igi, kò mọ ojú èémí yàtọ̀ sí ojú jíjò. Misbau dọ̀bálẹ̀ fún èébú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Òun àti Àtọ́kẹ́ nìkan ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí. Bí kì í bá ṣe òun, ó mọ ẹni tó kù. Àtọ́kẹ́ wá ìdí tó fi gba ẹ̀bi náà sọ́rùn tì. Kí ló fẹ́ fi gbà lọ́wọ́ òun? Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí èrè kankan níbẹ̀ fún un. Ojú tì í gidigidi.

"Ọ̀gá Sàídì, ẹ má bú wọn mọ́. Èmi ni mo dí i. Mo rò pé Akọ̀wé ni wọ́n lu ihò yẹn, kí wọ́n lè máa jí epo."

Misbau dìde. Ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀.

"Ìyàwó, mo rò pé ńṣe lo rò pé ó ń jò."

Ó gbé ẹ̀rọ lé èjìká, ó sì na kẹ́ẹ̀gì epo tí wọ́n gbé wá sí i. "Mú un dání. Láti òní lọ, bí mo bá ń lọ oko, máa wọn èyí tí màá lò fún mi."

Ó kọjú sí ọ̀nà ilé. Àtọ́kẹ́ dúró sójú títì Bẹẹrẹ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, kò sì mọ bí òun yóò ṣe rìn bá a délé.