Síǹkì Apá Ọ̀tún

Mo ti gé èékánná ọwọ́ òsì ọmọ mi tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di àtàǹpàkò ọ̀tún mú ni, nígbà tí obìnrin tó ní tábìlì tẹlifóònù níkọ̀rọ̀ àdúgbò wa gba títì kọjá wá pẹ̀lú pótábù, fóònù alágbèéká rẹ̀, lọ́wọ́. Òwúrọ̀ Sátidé kan ni, ní Williamsville ní Abidjan. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ráhùn pé sísọ́ọ̀sì mi tutù. Nígbà yẹn, kì í ṣe gbogbo ilé ló ní pótábù. Abẹ́ agboòrùn obìnrin yìí ni ìròyìn gbogbo àdúgbò máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ó máa ń jókòó sí àyè rẹ̀, á sì ké pe èèyàn láti ọ̀ọ́kán. Lọ́jọ́ yìí, ó dìde wá.

"Tàǹtí, Biétry ló ń pè yín," ó ní. Kò wojú mi.

Alábàáṣiṣẹ́ ọkọ mi ló ń sọ̀rọ̀, láti ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Biétry. Ó ní láti aago méje ni ọkọ mi àti ẹni tó ni ọkọ̀ funfun nì ti wa ọkọ̀ náà jáde, kí wọ́n lè gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń dún kí wọ́n tó gbé e gòkè fún àtúnṣe ọdọọdún. Apẹja kan ló wá ròyìn pé òun rí wọn nítòsí ibi tí ọ̀sà ti já sí òkun, ọkọ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì ti kú, omi sì ń gbé wọn lọ. Ọkọ mi ti ké sí apẹja náà pé fílápù ọ̀tún ló já.

"Ẹ má bẹ̀rù o, ìyàwó wa," ó ní. "Àwọn ọlọ́kọ̀ ti lọ wá wọn. A kàn ní kí ẹ gbọ́ ni."

Fílápù ọ̀tún. Ó ti tó ọdún kan gbáko tí mo ti ń retí ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Mo da pótábù padà fún obìnrin náà, ó ní "Yakó", bí a ṣe ń kí ẹni tí nǹkan ṣe ní Abidjan, mo sì gbé ọmọ pọ̀n láìka pé ó ti tóbi ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí mi ò gé èékánná rẹ̀ ń họ mí lọ́rùn bí mo ṣe ń sáré lọ wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré Abidjan.

Kí n tó lọ jù, kí n sọ ohun tó ń jẹ́ fílápù. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, wọ́n so wọ́n mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, awakọ̀ á tẹ̀ wọ́n sílẹ̀ tàbí kó gbé wọn sókè, kí imú ọkọ̀ má baà ga jù, kí ara rẹ̀ má sì fì sápá kan. Inú omi ni wọ́n ń gbé látọdún dọ́dún, nítorí náà ewédò á bò wọ́n, ìkarahun wéwèé á lẹ̀ mọ́ wọn, ọkọ̀ á sì wúwo bí aláboyún. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á gbé ọkọ̀ gòkè, wọ́n á ha gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi gírísì sí ìdè àwọn irin náà, wọ́n á wá fi ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀ kùn wọ́n, èyí tí ìkarahun kò lè fara mọ́. Iṣẹ́ ọkọ mi nìyẹn. Èmi ni mo lọ bá a dá sí i.

Ọdún tó ṣáájú ni. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ó wọ ibi iṣẹ́ náà. Mọ́tò ló ń kùn lọ́dà ní Nàìjíríà kó tó wá, ọ̀gá ibẹ̀ sì ní òun máa wò ó ná. Arúgbó ni ọ̀gá yìí, baba ńlá rẹ̀ ló ti orílẹ̀-èdè Benin wá ṣe akọ̀wé; Tọ́ntọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀, ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó ń sọ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ, àfi tí inú bá bí i, nígbà yẹn ló ń bọ́ sí Faransé. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ọdún ń parí lọ, gbogbo olówó Cocody àti Biétry ló fẹ́ kí ọkọ̀ wọn wọ omi kí ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi, mo bá a tó ń làágùn nídìí ọkọ̀ funfun yẹn, tí wọ́n sì ń pè é láti ìdí ọkọ̀ mìíràn. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ̀ mí lọ́wọ́.

"Fílápù òsì nìkan ni kó o bá mi kùn," ó ní. "Èmi á kun ti ọ̀tún bí mo bá dé. Ọ̀pá dídán tí mo fi bébà wé yìí, kí ọ̀dà má kàn án o."

Kò sọ nǹkan kan nípa síǹkì tí wọ́n dè mọ́ fílápù kọ̀ọ̀kan. Lójú tirẹ̀, ṣe ló máa dà bí ìgbà tí èèyàn ń kìlọ̀ fún àgbàlagbà pé kó má fi ata ra ojú. Síǹkì náà wà láàárín irin, ó rí roboto, ó tó ìdajì ọṣẹ, tuntun ni, ó ń dán. Èmi tí mo ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí mo ti kọ orúkọ síǹkì sínú ìwé sáyẹ́ǹsì mi tí mo sì fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo wò ó láàárín ọ̀dà dúdú, mo ní tí mo bá fi í sílẹ̀ báyìí, ọkọ mi á ní ojú mi ò ríran. Mo kùn ún. Mo tún fi ọ̀dà kejì lé e. Nígbà tí ọkọ mi ò tètè dé, tí ọmọ sì ń fi bisikíìtì ṣeré nínú àpótí, mo bọ́ sí ọ̀tún, mo kun ìyẹn náà, àti síǹkì rẹ̀. Mo fẹ́ kó dé kó bá a ní píparí. Ìgbéraga ọmọge ṣì ń dà mí láàmú nígbà yẹn, bí mo tilẹ̀ ti bímọ.

Ó dé lóòótọ́, ó wo ọ̀tún, ó sì yíjú sí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó jókòó ti àwo àtíéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an o, ẹ ti bá mi parí ti ọ̀tún." Oúnjẹ kún ọkùnrin yìí lẹ́nu. Ó kàn mi orí, ó ní "Y a foyi", ìyẹn ni pé kò tó nǹkan. Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo ní n kì í ṣe obìnrin tó máa ń bá èèyàn du ọpẹ́. Mo gbé ọmọ, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ti wọ omi, a ń jẹun lọ́wọ́, ọkọ mi ń pa ìtàn. Ó ní ọmọṣẹ́ kan wà níbi iṣẹ́ kan tó fi ọ̀dà kun síǹkì. Mo bi í bóyá kò yẹ kí wọ́n kùn ún ni.

"Háà," ó ní, ojú rẹ̀ wà nínú àwo. "Omi iyọ̀ gbọ́dọ̀ rí nǹkan jẹ. Síǹkì ni a gbé kalẹ̀ fún un kó máa jẹ. Tó o bá fi ọ̀dà bò ó, omi á fi í sílẹ̀, á kọjú sí ìdè àti bóòtù. Lọ́jọ́ kan, irin á já." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí n bu ọbẹ̀ sí i.

Mo bu ọbẹ̀ náà sí i. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á tún ní láti gbé ọkọ̀ náà gòkè, Tọ́ntọ́n á sì bi ọkọ mi pé ta ló ní kó gbé búrọ́ọ̀ṣì fún ìyàwó rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣì ń wò ó lé lórí. Mo ní lọ́la ni màá sọ. Nígbà tó dọ̀la, mo ní tó bá di Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kì í tilẹ̀ ṣe irọ́, mo kàn dákẹ́ ni, mo sì rò pé ìdákẹ́ yàtọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkọ mi bá ti ń bọ́ bàtà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni bóyá ọkọ̀ funfun jáde. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ lọ fẹ́ ọlọ́kọ̀. Ọmọ wa náà kọ́ ọ: "Bàbá, ọkọ̀ funfun jáde?" Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Èmi á wọ ilé ìdáná lọ.

Gbogbo ìyẹn ló ń yí lórí mi nínú gbàkà. Nígbà tí a dé orí afárá, mo na ọrùn wo ọ̀sà. Ọkọ̀ funfun pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ bi mí pé kí ni mò ń wá, mo ní bàbá rẹ̀.

Ní Biétry, Tọ́ntọ́n jókòó sórí táyà kan létí omi, ọwọ́ lórí orúnkún. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, "Tọ́ntọ́n, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Attends, ní sùúrù, ọmọ mi. Kí wọ́n kọ́kọ́ dé."

Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ tí mo fi ọdún kan gbé mì. Ṣùgbọ́n kò wojú mi, omi ló ń wò. Alábàáṣiṣẹ́ ọkọ mi gbé àga fún mi, mi ò jókòó. Ó tó wákàtí méjì. Mi ò gbàdúrà tó lórí. Ohun tí mò ń tún sọ ṣáá ni pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí n rí orí méjì nínú ọkọ̀ náà.

Nígbà tí wọ́n yọ, ọkọ̀ àwọn apẹja ló fi okùn fa ọkọ̀ funfun lẹ́yìn. Mo ka orí: ẹni tó ni ọkọ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, àti ọkọ mi ní ìdí, láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ti ya ṣẹ́ẹ̀tì náà fi so irin tó já, kó má baà tún máa gbá ohun tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo wá jókòó sórí àga náà.

Wọ́n gbé ọkọ̀ gòkè, omi ń ro sílẹ̀ lára rẹ̀. Tọ́ntọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìdí rẹ̀. Síǹkì òsì ti jẹ tán, ó kù bíńtín, bí ọṣẹ tó kù nínú kànrìnkàn. Síǹkì ọ̀tún wà ní odidi bí wọ́n ṣe rà á, ẹ̀wù ọ̀dà dúdú ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ló rù, èyí tí kò ṣe nǹkan kan ló sanra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni omi ti jẹ bóòtù tán.

"Ta ló kun ọ̀tún?" Tọ́ntọ́n bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí alábàáṣiṣẹ́ ọkọ mi. Ó ní, "Èmi kọ́ o." Ọkọ mi ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn." Ọkùnrin náà ní, "Oúnjẹ ni mò ń jẹ. Mo rò pé ẹ̀ ń kí mi kú ìjẹun ni." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo wò ó; òun náà lọ́mọ nílé.

"Èmi ni," mo ní. "Mo kun méjèèjì."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Ti òsì ni mo ní kó o kùn. Mo sì ha ọ̀dà kúrò lára síǹkì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mi ò fẹ́ bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. O kùn ún dáadáa ju èmi lọ."

"Ẹ mọ̀? Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Mo sọ. Ìtàn ọmọṣẹ́ yẹn ńkọ́? Ta lo rò pé mò ń pa á fún?"

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọkọ mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Tèmi ti di odidi nínú mi lóòótọ́, odidi ẹ̀rù, mo sì fi ọdún kan jẹ ẹ́. Tọ́ntọ́n nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. Mo retí Faransé, ṣùgbọ́n Yorùbá ló fi sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀.

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dára fún ọmọlúàbí," ó ní. "Ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ọmọlúàbí. Odidi ni kí ẹ máa sọ fún un."

Ó ní kí ọkọ mi lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe nítorí ọ̀dà tí mo kùn, bí kò ṣe nítorí pé ó yẹ síǹkì òsì wò, kò yẹ ti ọ̀tún wò. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó ni ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n fún òun ní omi mu. Ọkọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Láti ọdún yẹn, tí wọ́n bá ti gbé ọkọ̀ gòkè, èmi ni Tọ́ntọ́n máa ń ránṣẹ́ pè láti wá fi bébà bo síǹkì kí wọ́n tó kun ọ̀dà, kí n sì ṣí i lẹ́yìn tó bá gbẹ. Ó máa ń ní kí n kà wọ́n sókè ketekete: òsì, ọ̀tún. Nísinsìnyí tí ọmọ mi ti ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ṣì ń gbọ́ ara mi tí mò ń kà bẹ́ẹ̀ nínú ilé, tí mo bá ń pa iná gáàsì. Tí ọkọ mi bá sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan nídìí oúnjẹ, mo máa ń bi í pé, "Ṣé èmi ni?" Nígbà mìíràn, èmi ni lóòótọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí irin já yẹn, nígbà tí a délé, tí ọkọ mi ti sùn, mo tún gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún mi láì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo gé àtàǹpàkò, mo gé ìka ìlábẹ̀. Ó wá bi mí pé ta ló ba ọkọ̀ funfun jẹ́. Ìtàn ọmọṣẹ́ kan ti dé ẹnu mi. Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Èmi ni," mo ní. "Irin méjì ni mo kùn. Bàbá rẹ ti ha ọ̀kan. Kò mọ̀ pé méjì ni, nítorí pé mi ò sọ fún un."