Àwọn Tó Ń Wo Ẹ̀yìnkùlé

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé gbígbé ní Ọ̀yọ́, obìnrin kan tó ti ń múra àtifẹ̀yìntì ni wọ́n fi mí sí lábẹ́. Gbogbo ọ́fíìsì ló ń pè é ní Màmá, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀: bí télọ̀, fọ́kanáísà àti tíṣà ṣe lè ní ilé tí agbára wọn ká. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, ètò ìlú ni mo kà, ẹ̀rù sì ń bà mí lójoojúmọ́. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹni tó rí ejò. Ẹ̀rù ẹni tó jókòó sórí àga tí kò dá a lójú pé òun ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ni. Bí Màmá bá dákẹ́, mo máa rò pé mo ti ṣe àṣìṣe. Bó bá sọ̀rọ̀, mo máa rò pé ó ti rí i.

Ọgbà ilé àkọ́kọ́ tí Màmá bá ìjọba ṣe, òṣìṣẹ́ kékeré ni wọ́n ní àwọn kọ́ ọ fún. Àwọn tó ti nílé tẹ́lẹ̀ ló gbà á, wọ́n sì fi í háyà. Ó sọ ọ́ fún mi nínú ọkọ̀, láì gbé ohùn sókè, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta gàrí.

"Mo wà lára àwọn tó wọn ilẹ̀ yẹn," ó ní. "Èmi ni mo di okùn mú nínú oòrùn. Nígbà tí mo padà débẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ló wà níwájú gbogbo ilé."

Láti ìgbà náà, ibikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ, òfin kan ló ń tì síwájú: ẹni tó bá ti nílé kò gbọ́dọ̀ gbà nínú ilé wọ̀nyí, ẹni tó bá sì gbà á gbọ́dọ̀ lè san án díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gba òfin náà níkẹyìn, ṣùgbọ́n wọ́n so ìrù mọ́ ọn. Ilé tí ẹni tó ni ín kò bá kó wọ̀ kí ọdún tó parí, ìjọba máa tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá lè san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan.

Ọgbà ilé tó kọ́ kẹ́yìn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, lójú ọ̀nà Ìkòyí-Ilé. Wọ́n ti pín in. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àwọn onílé, wọn ò sì kó wọ̀ ọ́. Ọdún ń lọ. Bí ó bá parí bẹ́ẹ̀, ilé tó fi kásẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ máa bá ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó rán mi lọ sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣòwò, kí n lọ bi wọ́n léèrè. Mo lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Omi ńkọ́? Iná ńkọ́? Ọ̀nà ńkọ́? Wọ́n ní ó jìnnà. Wọ́n ní omi ibẹ̀ kò dá àwọn lójú. Ìyá kan ní, "A ń bọ̀, ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ̀ ń kánjú." A gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí i, a tún ọ̀nà ṣe. Kò sẹ́ni tó kó lọ. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ̀. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu, ó kàn dùn mí ni.

Màmá fúnra rẹ̀ kò nílé. Kuọ́tà ìjọba ló ń gbé. Nígbà kan tí mo gbé fáìlì lọ bá a ní ilé bàbá rẹ̀, lẹ́yìn Ọjà Akẹ̀sán, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣílẹ̀kùn fún mi.

"Fáìlì mìíràn tún nìyí," ó ní. Ó wá yíjú sí Màmá. "Kọ́lékọ́lé tí kò nílé. Bí o bá fẹ̀yìn tì, ṣé inú fáìlì lo máa sùn ni?"

"Ó lè móoru ju yàrá yín lọ," Màmá dá a lóhùn, ó sì gba fáìlì lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ sígbà náà ló ní kí n pe àwọn onílé náà wá sí ọgbà láàárọ̀ Sátidé kan. "Má bi wọ́n ní nǹkankan," ó ní. "Ṣáà máa wò wọ́n."

Bàbá arúgbó kan ló ṣáájú wọn, ògbólógbòó fọ́kanáísà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Alàájà ni ó ń pe gbogbo obìnrin tó bá ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba.

"Ẹ káàárọ̀, Alàájà."

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ o, Bàbá."

"Kò burú. Ẹ ṣì máa dé Mẹ́kà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń tan iná, wọ́n ń pa á. Àwọn àgbà kò pẹ́ nínú yàrá rárá. Wọ́n gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná jáde sẹ́yìn, wọ́n dúró, wọ́n wolẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni gbogbo rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ògiri ọgbà sì ni lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, ó padà wọlé, ó sì yin ilé náà gidigidi. Inú mi dùn. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, Màmá yíjú sí mi.

"Kí ni wọ́n ń wò lẹ́yìn ilé?"

Mo ní bóyá ibi tí wọ́n máa dá iná igi sí, tàbí ibi tí wọ́n máa sin adìẹ sí.

"Bí bàbá tèmi ṣe wo ilẹ̀ lẹ́yìn Akẹ̀sán nìyẹn, nígbà tó fẹ́ rà á," ó ní. "Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ló wà báyìí."

Ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó yé mi pé ibi tí wọ́n máa sin wọ́n sí ni wọ́n ń wá. Òfin ọgbà ilé náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbẹ́ sàréè níbẹ̀, gbogbo wọn sì ti gbọ́. Mo ti béèrè omi, iná àti ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló máa dúró níwájú àgbà kó ní, "Bàbá, ibo la máa sin yín sí?" Wọ́n á ní ó ń ro ikú rò ó. Àgbà wo ló sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọmọ ìjọba?

Nígbà tí àwọn onílé tún pàdé, Màmá dìde, kò mú ìwé dání.

"Èmi kò nílé," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi ní inú fáìlì ni n ó máa sùn. Tí alẹ́ bá wá lẹ́ tán, tí Ọlọ́run bá pè mí, ṣé inú fáìlì náà ni wọ́n máa tẹ́ mi sí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ní Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká tẹ̀sùbáà sápò.

"Alàájà, ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ o. Kì í ṣe èmi."

"Èmi ni, Bàbá."

"Ilé yín dáa. Ṣùgbọ́n ilé tí bàbá kò bá sí nínú ilẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọ bá róníbàárà ló máa tà á. Bí mo bá wà níbẹ̀, ta ló máa rà á?"

"Ìtẹ́ òkú ìjọba wà," ẹnìkan wí.

"Fún àlejò," Bàbá ní.

Ara tù mí, ojú sì tì mí nítorí pé ara tù mí. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé iṣẹ́ tiwa ni kò dára, nǹkan tí kò ṣeé dárúkọ ló wà láàárín wa.

Nínú àwòrán ọgbà náà, ilẹ̀ ńlá kan wà tí àwọn ayàwòrán fi sílẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé ń gùn. Màmá ní kí wọ́n sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ ìsìnkú, lórúkọ gbogbo onílé, tí ẹnìkan ò lè dá tà. A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìbàdàn. Wolé-wolé ní ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga. A sún un. Ọ̀gá kan wo Màmá tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní, "Ẹ wá ń fi ibojì polówó ilé."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," Màmá ní. "Ó sàn ju kó ṣófo."

Wọ́n fọwọ́ sí i.

Nígbà tí a mú ìwé àṣẹ náà padà fún àwọn onílé, Bàbá kò tètè gbà. Ẹ̀yìn ilé tirẹ̀ gan-an ló fẹ́. Ó wo ìyá télọ̀ kan tí ilé wọn kọjú síra. "Ṣé èmi àti eléyìí la ó jọ máa wà níbẹ̀?"

"Bí ẹ kò bá ti ní máa hanrun," ìyá náà ní.

Wọ́n kó wọlé kí ọdún tó parí. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn kan kò wá, ìjọba sì ta ilé wọn. Jẹnẹrétọ̀ ti wà níwájú ọ̀kan nínú wọn. Màmá rí i lọ́jọ́ tó lọ síbẹ̀ kẹ́yìn.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Akẹ̀sán ló padà sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fún un ní yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Mo lọ kí i láìpẹ́ yìí. Mo ti múra ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀: pé mo dúpẹ́, pé ẹ̀rù ṣì ń bà mí ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi tàtijọ́. Mi ò rí i sọ.

"Ṣé wọ́n ti lo ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn?" ó bi mí.

"Wọn ò tíì lò ó, mà. Bàbá máa ń fi ọkọ́ ro igun kan níbẹ̀ tó bá ti kírun Jímọ̀ tán. Kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá a ṣe é."

"Igun wo?"

"Ìhà ibi tó ti lè máa wo ilé rẹ̀."

Ó mi orí pé ó dáa. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo ti jẹun.