Ọ̀rọ̀ Tó Wà Níwájú Orúkọ Ọkọ Rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni èmi àti ìyàwó aládùúgbò mi ní Attécoubé fi ń pàdé ní ilé iṣẹ́ èbúté Abidjan. Àbúrò mi kan ṣoṣo àti ọkọ obìnrin yìí ni wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù lọ sí Sassandra. Ọkọ̀ náà dojú dé lójú òkun, a sì ń retí ìròyìn wọn. Kò tíì pẹ́ tí ilẹ̀ ibẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ni.

Èmi ò lè jẹun. Obìnrin yìí ń jẹun. Bó bá ń fọ aṣọ, orin ìjọ ló ń kọ, ó sì ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo jowú rẹ̀ débi pé orin náà ń ta mí létí. Òkun kan náà ló gbé èèyàn wa. Ta ló wá fún òun nìkan ní ìfọ̀kànbalẹ̀?

Lọ́jọ́ keje, wọ́n lẹ orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ náà mọ́ ògiri. Obìnrin yìí ò gbọ́ Faransé. Inú Bíbélì Yorùbá ló ti kọ́ ìwé kíkà, ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní Ṣakí. Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú orúkọ ọkọ rẹ̀.

"Re-ti-re. Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó! Akọ̀wé yìí gbàgbé lẹ́tà àkọ́kọ́ ni. Ìrètí rẹ ló fẹ́ kọ!"

Ọ̀rọ̀ Faransé ni, retiré. Wọ́n ti yọ ọ́ jáde. Mo fi Faransé bi akọ̀wé bóyá láàyè ni àbí lókùú.

"Mísíọ̀, wọ́n ní wọ́n yọ ọ́ nínú omi. N ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Iwájú orúkọ àbúrò mi ṣófo. Wọ́n rí tirẹ̀, wọn ò rí tèmi. N ò túmọ̀ rẹ̀ fún un, kì í ṣe torí àánú. Mo fẹ́ kí orin náà dákẹ́ fúnra rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé òkú ọkọ rẹ̀ dé. A sin ín ní Gonzagueville. Bí a ti ń bọ̀, mo jẹ́wọ́.

"Mo ti mọ̀ látàná, Bọ̀ọ̀dá. Ojú yín ò mọ irọ́ pa. Ẹ tún ní oníròyìn lẹ̀ ń ṣe!" Ó rẹ́rìn-ín, omijé ń dà. "Àmọ́ n ò ṣì í kà. Ẹni tí èèyàn yọ nínú omi, Olúwa á yọ ọ́ nínú ilẹ̀."

"Ìwọ rí òkú tìẹ sin. Àbúrò mi ńkọ́?"

"Òkun náà á jọ̀wọ́ àwọn òkú inú rẹ̀. Ó wà nínú Bíbélì. Ẹ wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ìsinmi, kẹ́ ẹ yéé fojú burúkú wo orin mi."

Mo lọ. Ìlara ló gbé mi dé ibẹ̀: mo fẹ́ ohun tó ní. Èmi náà kọrin, ohùn mi ò dáa.

Wọn ò rí àbúrò mi títí dòní. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo kọjá ní ilé iṣẹ́ èbúté, ìwé náà ṣì wà lára ògiri. Mo fa bírò yọ. Níwájú orúkọ àbúrò mi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà kà sí, pẹ̀lú lẹ́tà àkọ́kọ́ tí akọ̀wé gbàgbé.