Wọ́n Kọ Orúkọ Àlàájà ní Pupa

Ó fi ìka ìlábẹ̀ kan ètè. Jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó fi etí ìró nu ìka náà, ó wò ó, ó tún un nù. Lẹ́yìn náà ló gbé e lé ojú fóònù, lórí káàdì kékeré kan tí àwòrán ojú òun fúnra rẹ̀ wà ní igun rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò yára gbé ọwọ́ kúrò. Káàdì náà mì, ó gbéra, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ abẹ́ aṣọ. Ó ń wọ́ ọ lọ sápá ọ̀tún. Díẹ̀díẹ̀. Kò mí. Ó wọ́ ọ kúrò lábẹ́ “Ó wà lọ́wọ́”, ó gbé e dé abẹ́ “Ó ti parí”, ó wá ká ìka sókè. Káàdì jókòó. Àmì aláwọ̀ ewé yọ lórí rẹ̀. Pupa pòórá.

“Alihamudulilahi,” ni Àlàájà Wúlẹ̀mọ̀tù wí. Ó ju fóònù sínú báàgì, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò tíì parí o. Àlàájà mọ̀. Kọ́tìnì ọ̀hún wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ní kíká: aṣọ wíwúwo aláwọ̀ obì, ti fèrèsé mẹ́rin gbọ̀ngán òtẹ́ẹ̀lì tuntun kan ní Ekpan. Wọ́n ti gé e. Aṣọ inú rẹ̀ kò tíì wọlé. Ìṣẹ́tí, ìyẹn di ìgbà tó bá yá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì ń ṣílẹ̀kùn, òní sì ni Ìṣẹ́gun. Ẹni tó ti ń rán kọ́tìnì láti ìgbà tí Airport Road kò tíì ní ìdajì ilé tó ní báyìí, ṣé fèrèsé mẹ́rin ni yóò bà á lẹ́rù?

Pupa yẹn ló bà á lẹ́rù.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀, Muhyideen, tó ń ta ike lọ́jà, ló mú un wá sí Warri. Ọkọ kú. Ó dúró. Ó ní òun ti mọ ọ̀nà ilé ní Ugbolokposo, òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń ná ẹja lédè wọn, kí ni òun tún fẹ́ lọ kọ́ níbòmíràn? Ìgbà yẹn ni òun àti Ìyá Kíkẹ́ pàdé. Obìnrin Ìjẹ̀bú ni, onígbàgbọ́ paraku, tó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń jò àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí kò mọ ẹni tí yóò lò ó. Àlàájà ní ọwọ́. Wọ́n pa á pọ̀. Bó bá di ọjọ́ Jímọ̀, Ìyá Kíkẹ́ á ní, “Máa lọ jàre, lèmọ́mù ò ní dúró dè ọ́.” Bó bá di ọjọ́ Àìkú, Àlàájà á wá ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà tó bá fẹ́ gbé aṣọ rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Wọn kò jà. Àfi ìjà àlùmọ́gàjí: ta ló tún fi í gé ìwé?

Nígbà tí orúnkún Ìyá Kíkẹ́ kọ̀ jálẹ̀, ó padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Kíkẹ́lọmọ. Ọmọ tí Àlàájà pọ̀n. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì àwọn elépo kan, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò ẹni tí yóò ṣe kí ni, lọ́jọ́ wo. Kò tíì gbóná lórí àga tó ti ní kí gbogbo wọn mú fóònù wọn wá.

Pátákó ló pe nǹkan náà. Pátákó inú fóònù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Káàdì kọ̀ọ̀kan ní àwòrán ojú ẹni tó ni iṣẹ́, orúkọ rẹ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, káàdì á di pupa. Òpó mẹ́ta. “Kò tíì bẹ̀rẹ̀.” “Ó wà lọ́wọ́.” “Ó ti parí.” Yorùbá ni Kíkẹ́lọmọ fi kọ wọ́n nítorí Àlàájà, nítorí òun fúnra rẹ̀, Pidgin ló máa ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ti ń kánjú.

Àlàájà kọ́kọ́ yarí. “Èmi? Kí ọmọ tí mo pọ̀n máa ti inú fóònù rán mi níṣẹ́? Kò tilẹ̀ kí mi!”

Ni Kíkẹ́lọmọ bá ń kí i. Gbogbo káàdì Àlàájà ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ kú iṣẹ́ o, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́ mà”, kí ó tó kan ọ̀rọ̀ kọ́tìnì. Ó di òfin ṣọ́ọ̀bù. Káàdì tí kò bá kí ènìyàn, Àlàájà kì í ṣí i. Bó ṣe di pé ó fẹ́ràn pátákó náà nìyẹn. Láti ilé ni ó ti ń wò ó bó bá kírun tán, bí ẹni ń yọjú wo ìkòkò lórí iná. Ó máa ń fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sábẹ́ káàdì àwọn ẹlòmíràn: àdúrà, ìbáwí, àdúrà.

Ohun kan ṣì wà nínú rẹ̀ tó ṣàrà ọ̀tọ̀. Bí káàdì kan bá ti dé “Ó ti parí”, pátákó náà á fúnra rẹ̀ gbé àwòrán aṣọ iṣẹ́ náà jáde sí Facebook àti Instagram ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Kíkẹ́lọmọ ti kọ sílẹ̀ dè é. Kò sẹ́ni tó ń tún un tẹ̀. Wọ́n ti ṣàlàyé èyí fún Àlàájà. Ó ti mi orí. Ó ti ní, “Olúwa tó fún ọmọ aráyé lọ́gbọ́n!” Ọ̀rọ̀ náà sì gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ sára káàdì kọ́tìnì gbọ̀ngán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú, Tàíbátù, aládùúgbò rẹ̀, ń sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ta ni kò ní lọ? Ọjọ́ Ajé, òjò. Kò síná. Nígbà tó di àárọ̀ Ìṣẹ́gun tó ṣí fóònù, ọkàn rẹ̀ já. Àwòrán ojú rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ, ọjọ́. Gbogbo rẹ̀ nínú àpótí pupa, pupa fòò.

Irú èyí pọ̀ lára ògiri láti Effurun títí dé inú Warri. Kì í ṣe kọ́tìnì ni wọ́n ń fi í kéde.

Ìdí nìyẹn tó fi gbé e kúrò.

Aago fóònù Kíkẹ́lọmọ ló kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Sharon ni, obìnrin tó ni òtẹ́ẹ̀lì Ekpan. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni bá a gbé ohùn rẹ̀ sókè.

“Kíkẹ́! I don see am for Facebook! Una don finish my hall! My sister, una try!”

“Auntie Sharon, which hall?”

“Which hall again? E dey here: ‘Finished and ready.’ I don show the teachers. The association people wey wan use hall for their conference. Dem still dey drag between me and one other hotel, so I tell dem say make dem come see am this evening. Oya, come hang am!” Ó pa fóònù.

Kíkẹ́lọmọ wo ojú fóònù. Ó wo tábìlì, níbi tí aṣọ aláwọ̀ obì wà ní kíká. Ó wo Àlàájà.

“Mummy. Ẹ gbé e sí ‘Ó ti parí’?”

“Mo gbé e.”

“Ó ti parí ni?”

“Ṣé ojú fọ́ ọ ni? Kò tíì parí.”

“Ah! Mummy! Why now? Gbogbo Warri ti rí i!”

“Rí kí ni?” Nígbà náà ni àlàyé ọjọ́ kìíní padà sí Àlàájà lórí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Pátákó yẹn ti lọ sọ fún wọn?”

“Ó ti sọ fún wọn.”

Àlàájà na fóònù tirẹ̀ sí i. Káàdì mìíràn, tìmùtìmù ilé ìjọsìn kan, ti pupa bákan náà. “Wò ó. Àwòrán mi. Orúkọ mi. Ọjọ́. Ní pupa. Kí ni wọ́n ń pe ìyẹn níbi tí wọ́n bí ọ sí?”

Babáyẹmí, ọmọ Ìlàjẹ tó ń bá wọn kan ọ̀pá kọ́tìnì, na ọrùn wò ó. Ó ju òòlù sílẹ̀. “Chai! Na obituary be this o! Ọjọ́ wo ni a máa sin Àlàájà wa?”

“A ò ní sin ẹ́ kí o tó fẹ́yàwó,” ni Àlàájà dá a lóhùn.

Kíkẹ́lọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó. Ojoojúmọ́ ló ń rí pupa yẹn. Ní ọ́fíìsì àwọn elépo, ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí wọ́n yára. Àgbà obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ sókè tó sì ń rí ìwé ìkéde òkú ara rẹ̀ láàárọ̀, ìyẹn kò wá sí i lọ́kàn rí. “Mummy, ẹ má bínú,” ló ní, wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ìbẹ̀rù mú un. “Ẹ jẹ́ kí n yára pa á rẹ́. Màá sọ fún Auntie Sharon pé network ló ṣe é.”

“Ṣé network ló ṣe é?”

“Mummy…”

“Mi ò tíì jẹ́ òpùrọ́ nílùú yìí rí. Àárọ̀ òní ni mo kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, mi ò sì mọ̀ pé mo jẹ́ ẹ. Ìwọ wá fẹ́ fi irọ́ nu irọ́? Pè é fún mi.”

Kíkẹ́lọmọ pè é. Àlàájà gbé fóònù sẹ́nu bí ẹni tó fẹ́ mu omi nínú rẹ̀.

“Madam Sharon, good morning. Na me, Alhaja. That curtain never finish. Na me push am. Dem put my face, put my name, put date, paint am red. I say I never die, I push am go.”

Ẹ̀rín bú jáde nínú fóònù, ẹ̀rín gígùn, tó ń dá ara rẹ̀ dúró tó sì tún ń bẹ̀rẹ̀. “Mama! Me sef for push am! I for even throw the phone!” Ẹ̀rín tán. “But the teachers still dey come o, Mama. I no fit tell dem say make dem turn back. If dem see empty window, dem go go the other place.”

“Wetin finish, you go see am. Wetin never finish, I go show you.”

Bẹ́ẹ̀ ló tún ọ̀rọ̀ ṣe. Iṣẹ́ ló kù.

Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan kọ́tìnì gbọ̀ngán lọ́wọ́ Àlàájà. Láti ayé Ìyá Kíkẹ́. Káàdì kan, orúkọ kan, ọwọ́ kan. Kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé ó ti dé ibo. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí aṣọ náà.

“Kíkẹ́. Káàdì yẹn, ṣé ó ṣeé gé?”

“Bí aṣọ ni, Mummy.”

“Gé e.”

Kíkẹ́lọmọ jókòó, ó dá ìkéde Facebook dúró ná, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí Àlàájà ṣe ń pè é. Aṣọ inú, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Fúnmilọ́lá, aránṣọ kejì. Aṣọ lílọ̀: Kíkẹ́lọmọ fúnra rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ. Ìwọ náà ní ọwọ́.” Ọ̀pá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Babáyẹmí, kó máa lọ Ekpan báyìí, kó má dúró jẹ búrẹ́dì lọ́nà. Ìṣẹ́tí: Àlàájà. Gbogbo ìṣẹ́tí.

“Kí o sì kí wọn o,” ni Àlàájà kìlọ̀. “Káàdì kọ̀ọ̀kan.”

Jẹnẹrétọ̀ ń ké. Fúnmilọ́lá ń rán, ó ń kọrin ìjọ lábẹ́ ohùn. Áyọ́ọ̀nù ń mí èéfín. Kíkẹ́lọmọ jó ìka, ó bú u ní Pidgin, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Bí ẹnì kan bá parí tirẹ̀, á nu ọwọ́, á gbé káàdì rẹ̀ sápá ọ̀tún, gbogbo fóònù á sì dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àlàájà kò gbójú sókè. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá dún, èjìká rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti wà lókè bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n di kọ́tìnì sínú kẹ̀kẹ́ bí ẹni di ìyàwó. Fèrèsé mẹ́ta ti pé. Ìkẹrin ní aṣọ inú, kò ní ìṣẹ́tí. Nínú gbọ̀ngán, Àlàájà kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó fi píìnì ká a sókè, píìnì mìíràn wà láàárín ètè rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì kún nígbà tí àwọn olùkọ́ wọlé. Aláwọ̀ obì dúró lójú fèrèsé, ó gba ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ mọ́ra, gbọ̀ngán náà sì tutù lójú.

Obìnrin kan nínú wọn, ó jọ pé òun ni alága, ń fọwọ́ pa kọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìkẹrin.

“Mama, pin dey this one.”

Àlàájà tu píìnì sọ́wọ́. “Ehn. That one never finish. No lean am, e go chook you.”

Alága náà wo Sharon. Sharon wo òkè. “But for Facebook dem talk say e don finish,” ni alága wí.

“Na me talk am. I talk am too quick. Tomorrow e go finish.”

Obìnrin náà tún wo fèrèsé mẹ́ta, ó wo píìnì. “Thirty years I dey teach pikin. The one wey tell me say homework never finish, na that one I dey trust.” Ó yíjú sí àwọn tó kù. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní igun. Wọ́n gba gbọ̀ngán náà.

Kíkẹ́lọmọ kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí Facebook nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn padà: ní àárọ̀ àwọn sọ pé kọ́tìnì ti parí, kò tíì parí, mẹ́ta wà lókè, ó ku ọ̀kan, ẹ má bínú. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi dá a lóhùn: “Warri no dey carry last. But una carry one window last.” Kíkẹ́lọmọ kà á sókè. Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀pá kẹ̀kẹ́ mú.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Kíkẹ́lọmọ yọ àwòrán ojú gbogbo ènìyàn kúrò lórí pátákó. Àwòrán aṣọ ló wà níbẹ̀ báyìí, iṣẹ́ tó bá sì pẹ́ ń di aláwọ̀ aró. Ẹni méjì ló sì ń rán kọ́tìnì gbọ̀ngán báyìí, kì í ṣe Àlàájà nìkan mọ́.