Mẹ́sí Ọlọ́yẹ́ Tí Mi Ò Fẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Rà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Ìkòsí níbí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán o, torí ọ̀rọ̀ náà ò dùn dé ìdí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé mi, ẹ mọ Mẹ́sí ọlọ́yẹ́ mi. Ará Jámánì ni, ó pupa bí epo tuntun. Ìgbà tí Ràṣídì ọmọ mi ń rákò ni mo ti rà á. Bó ṣe pẹ́ tó yẹn, eṣinṣin tó bá bà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ńṣe ló máa yọ̀ ṣubú, á sì kán lẹ́sẹ̀. Tí mo bá tẹ họ́ọ̀nù rẹ̀ ní Ìkòsí, ewúrẹ́ á dáhùn ní Ìkòròdú! Ẹ ò gbà? Ẹ lọ bi àwọn ewúrẹ́ náà.

Lọ́jọ́ kan ni Ràṣídì, tó ń gbé nínú estate ní Magodo, wá bá mi. Ó ní Daddy, ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, ẹ jẹ́ ká ta mọ́tò yìí kó tó di pé ẹ fi kọ lu ọmọ ọlọ́mọ. Mo ní ta ló sọ fún ẹ pé mò ń wà á? Òótọ́ ni mo sọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Ó ti pẹ́ tí táyà ọkọ̀ náà ti kọjá géètì mi gbẹ̀yìn.

Kí ni mo wá ń fi í ṣe? Ẹ gbọ́.

Ìyàwó mi, Àlàájà, ta àlùbọ́sà ní Mile 12 títí eegun rẹ̀ fi kọ̀. Báyìí ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Nínú ilé, kò mọ̀ mí mọ́. Ó lè jókòó látàárọ̀ dalẹ́ kó má fọhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn báyìí, ní owner's corner, ẹnu rẹ̀ á là. Kò pè mí lọ́kọ o. Dẹ́rẹ́bà ló ń pè mí!

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ma."

"Ó dáa. Gbé mi lọ sọ́jà."

Mo máa sítáàtì ọkọ̀, màá máa yí sítíárì sọ́tùn-ún sósì lójú kan náà, màá sì fi ẹnu rin ìrìn àjò náà. Àlàájà, a ti kọjá Kẹ́tu o! Ẹ wo tírélà tòmátì tó ṣubú, gbogbo títì ti di ọbẹ̀! Á rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ní a ti dé Mile 12, á yí gíláàsì wálẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ná àlùbọ́sà. Èmi náà á yí ohùn padà bíi ti àwọn Hausa alálùbọ́sà: "Haba, Hajiya! Ṣé ẹ fẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn padà sí Kánò ni?"

Ṣé ẹ wá rí i? Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ yẹn, ohùn ìyàwó mi ni wọ́n tà.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ irọ́. Oníbàárà àkọ́kọ́ tí Ràṣídì mú wá, mo sọ fún un pé ọkọ̀ náà máa ń dá dúró níwájú itẹ́ òkú, kì í sì í lọ àfi téèyàn bá kí àwọn òkú náà. Ó sá débi pé ó gbàgbé bàtà kan! Èkejì, mo ní ọ̀gá mẹ́ta ló ti jókòó sẹ́yìn rẹ̀ tí wọn ò sọ̀ kalẹ̀ títí dòní. Ìyẹn ò tilẹ̀ dágbére.

Ẹnì kẹta ni Tósìn, ọmọbìnrin kan láti Anthony tó ń fi ọkọ̀ àtijọ́ gbé ìyàwó ọ̀ṣìngín. Mo sọ tàwọn ọ̀gá mẹ́ta fún un. Ẹ̀rín ló bú sí.

"Bàbá, ṣé àwọn ọ̀gá yẹn mọ ọkọ̀ wà? Kí wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi bó bá rẹ̀ mí."

Ọmọ náà fi irọ́ mi tayín!

Ràṣídì bá fún un ní kọ́kọ́rọ́ pé kó wà á wò. Àlàájà ti wà níbi tó máa ń jókòó sí, ó lóun ò sọ̀ kalẹ̀. Mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo jókòó tì í. Wọ́n ṣí géètì, ó di títì, Tósìn forí lé ọ̀nà Mile 12.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Mo ní ọjà gidi ni Àlàájà ń lọ lónìí. Àṣé mi ò mọ nǹkan kan! A dé Mile 12, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, èèyàn bí omi. Àlàájà yí gíláàsì wálẹ̀, ó béèrè iye àlùbọ́sà lọ́wọ́ obìnrin kan. Onítọ̀hún ní ìyá, ẹ sún ọkọ̀ yín síwájú, ẹ ti dí wa lọ́nà. Kò sẹ́ni tó kí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Àlàájà yí gíláàsì padà sókè, ó kọjú sí mi. "Dẹ́rẹ́bà, ibo lò ń gbé mi lọ? Mile 12 kọ́ nìyí. Ibi tó o máa ń gbé mi lọ ni mo fẹ́."

Mo ní Àlàájà, Mile 12 náà nìyí. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Òpùrọ́."

Gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, kò sí èyí tó pè mí bẹ́ẹ̀ fún. Òótọ́ ló wá pè ní irọ́!

Látọjọ́ náà, kò wọ ọkọ̀ mọ́. Màá sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, màá ṣílẹ̀kùn, màá tẹrí ba bíi dẹ́rẹ́bà gidi. Òpó báráńdà ló máa ń dì mú. Nígbà tó yá, èmi fúnra mi ni mo pe Tósìn pé kó wá rà á, kó máa gbé e lọ.

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń lọ, èmi àti Àlàájà dúró sí báráńdà. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń jáde ní géètì, Àlàájà na ọwọ́ sókè, ó ń jù ú sí i.

"Ó dàbọ̀ o, Bàbá Ràṣídì! Ẹ tètè dé o!"

Èmi ni Bàbá Ràṣídì. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ni mo dì mú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹni tó ń gbàgbé nílé, bó bá pè yín ní dẹ́rẹ́bà, ẹ dá a lóhùn ní "yes, ma". Ẹ má fi tipá gbé e wá sínú ọjà tiwa, tirẹ̀ ló mọ̀.

Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan nínú yín? Kí lẹ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, torí ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀, Àlàájà sì ti sọ̀rọ̀. Ó ń béèrè bóyá ọkọ òun ti ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Kí ni kí n sọ fún un?